Àárẹ̀ Ń Mú Irin

Ilé alágbẹ̀dẹ ni a bí mi sí, n kò sì gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn àgbà wa pé àárẹ̀ ń mú irin. Ó ń rẹ ènìyàn, ó ń rẹ ẹṣin. Ṣùgbọ́n irin, a gbà pé ẹni tí ó bá ni ín lára jù ni ó lè ṣẹ́ ẹ. Ìgbàgbọ́ yìí ni ó mú wa dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi.

Awakọ̀ akẹ́rù ni. Ní ọdún 1986, ọ̀pá irin tí ó gbé táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kán lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ṣubú, ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ sì kú. Ó búra pé òun kò sáré, pé ẹrù òun kò ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A kò gbà á gbọ́. Èmi kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó rí i lójú mi. Láti ọjọ́ náà kò wa ọkọ̀ mọ́. Baba wa fi epo pa irin tí ó kán náà, ó fi àkísà wé e, ó sì gbé e sí àjà àgbẹ̀dẹ. Kò sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 2018, mo lọ kí ọmọ mi ní Johannesburg, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Nítorí pé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí, ó mú mi dé Yunifásítì Witwatersrand. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Nabarro, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde láyé ní 2006, ti wá ṣe olórí ẹ̀kọ́ físíìsì ní 1953. Iṣẹ́ rẹ̀ là mí lójú. Àkójọ hóró wẹ́wẹ́ ni irin. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan àwọn átọ́ọ̀mù tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí ooru bá pọ̀, tí nǹkan sì ń fa irin náà, bí ó ti wù kí ìfà náà kéré tó, àwọn átọ́ọ̀mù a máa ṣí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ hóró lọ sí orí rẹ̀, irin a sì máa gùn sí i bí ìrìn ìgbín. Nabarro ṣàlàyé èyí ní 1948. Bí ìbú hóró bá dín kù sí ìdajì, ìrìn náà a yára ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo wá rántí ọ̀pá irin tí baba mi tẹ́ sábẹ́ èédú: kò sí ẹni tí ó lù ú, síbẹ̀ ó ti tẹ̀ bí ọrun.

Bí ooru ti ń ṣe irin nìyẹn. Àárẹ̀ ní tirẹ̀ kò dúró de iná. Ẹrù tí a ń gbé lé irin, tí a sì ń sọ̀, ni ó ń bí i. Johannesburg mọ èyí pẹ̀lú. Ìlú náà ni ọkọ̀ òfuurufú Comet gbé èrò dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù karùn-ún 1952, jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láyé tí ó ná ọ̀nà fún èrò tí ó sanwó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní 1954, ọkọ̀ náà gan-an fọ́ lókè nítòsí erékùṣù Elba. Ènìyàn 35 kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, òmíràn tí ó ń bọ̀ ní Johannesburg gbéra ní Róòmù, ó já sínú òkun. Ènìyàn 21 kú. Àwọn onímọ̀ ní Farnborough ri ẹ̀kẹta sínú ọpọ́n omi ńlá, wọ́n ń fún omi mọ́ ọn nínú, wọ́n sì ń tú u, bí ẹni pé ó ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ó pé nǹkan bí ìgbà 3,000, pẹ̀lú iye ìgbà tí ó ti fò tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ya. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo kà á níbẹ̀ pé, níbi tí àárẹ̀ bá ti dá irin, apá kan ojú rẹ̀ a máa dán, a sì ní ìlà tẹ̀léra bí ti ìkarahun. Apá tí ó kán lójijì a rí wúruwùru. Nígbà tí mo padà délé, mo gun àjà, mo tú àkísà náà. Ó ju ìdajì lọ tí ó dán, ìlà sì wà níbẹ̀.

Mo gbé e tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí." Ó fi àtàńpàkò tọ àwọn ìlà náà títí. Ó ní, "Mo sọ fún yín nígbà náà."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọjọ́ tí irin kán kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa yẹ irin wò kí ó tó kán. Bí ó bá sì ti kán, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò kí wọ́n tó dá ẹjọ́.