Fáìlì Tí Kò Pa Ọ̀rọ̀ Mọ́

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwé ìpolówó, èèpo ẹ̀yìn ìwé àti ìwé ètò ìsìnkú ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: báwo ni wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ wọn pamọ́, kí sì ni ó ń bá èdè wa níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, tí ó ń fi iṣẹ́ ọnà orí kọ̀ǹpútà jẹun, gbé ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbàlagbà kan wá bá mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ó pé pérépéré lórí kọ̀ǹpútà tèmi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ti di àpótí kéékèèké." Atẹ̀wé náà sì ti fi e, o àti s lásán rọ́pò wọn. Ohun tí ìyàwó olóògbé kọ ni "Ọkọ mi àtàtà". Ohun tí ó jáde ni "Oko mi àtàtà". Bí ohùn bá tún wá yí padà níbẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ tí àgbà kì í sọ láwùjọ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìsìnkú sì kù.

Kí ni ó fà á? Fáìlì iṣẹ́ ọnà kì í sábà gbé fọ́ńtì dání. Orúkọ fọ́ńtì nìkan ni ó ń rántí. Bí fọ́ńtì náà kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà kejì, òmíràn yóò gba ipò rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá sì ní ẹ nínú, àpótí ni a ó rí.

Ìṣòro kejì wà lára àmì ohùn. Nínú Unicode, ẹ ní àyè tirẹ̀ (1EB9), ọ ní tirẹ̀ (1ECD), ṣ náà ní tirẹ̀ (1E63). Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a ń kọ́kọ́ kọ, kí àmì ohùn tó wá gorí rẹ̀. Fọ́ńtì tí kò mọ ètò yìí yóò sọ àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lọ́nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Windows-1252, à àti é yóò là á já, nítorí àwọn èdè Yúróòpù ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ yóò di àmì ìbéèrè. Bí a bá sì ti pa fáìlì náà dé, àmì ìbéèrè kò rántí lẹ́tà tí òun jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. UTF-8 ni kí ẹ máa yàn.

Ọpẹ́ ni pé fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà láìyingin. Mo ní kí ọmọ náà fi í pamọ́ ní PDF, kí ó sì so fọ́ńtì mọ́ ọn nínú. Ó tún ṣe ẹ̀dà mìíràn, tí ó sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán, fún atẹ̀wé. "Ọkọ mi àtàtà" jáde pẹ̀lú àmì rẹ̀ nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dà alátẹ̀wé nìkan ṣẹ́ kù. Lẹ́tà tí ó ti di àwòrán kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́: ojú lè kà á, ṣùgbọ́n a kò lè dà á kọ, a kò sì lè wá a rí. Oríkì ìdílé púpọ̀ wà tí ó jẹ́ pé inú ìwé ètò ìsìnkú nìkan ni a ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá pa àwòrán rẹ̀ mọ́ tí a sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù, kí ni àwọn ọmọ wa yóò fi ṣe ìwádìí?

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ jáde, ẹ ṣí PDF yín lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ da gbólóhùn kan kọ láti inú rẹ̀ sínú ìwé mìíràn, kí ẹ sì wo ẹ, ọ àti ṣ dáadáa. Bí wọ́n bá pé, ẹ ti pa èdè náà mọ́.