Jákẹ́ẹ̀tì Awakọ̀ Òfurufú Tí Mo Rí Ní Ọjà Ìlaròó

Ẹni tí ó bá ti ná ọjà Ìlaròó rí yóò mọ ìsọ̀ àwọn aláṣọ òkìríkà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní bọ́síkọ́nà. Ibẹ̀ ni kóòtù ìlú òtútù máa ń wà ní òkìtì-òkìtì. Àlejò lè rẹ́rìn-ín pé kí ni a fẹ́ fi kóòtù ṣe nínú oòrùn Yewa, ṣùgbọ́n kí ó lọ bi àwọn ọlọ́kadà. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ ní ìdájí, ọ̀nà Òwódé kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbé síńgílẹ́ẹ̀tì wọ̀ gun alùpùpù.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá ọdún tí ó kọjá, mo ti Ayétòrò, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, wá sí Ìlaròó láti ra ìwé. A gba Jọga, a gba Ìbèsè, níbi tí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ti da eruku bò wá títí irun orí mi fi funfun bí ti bàbá àgbà. Bí mo ti ń gbọn ara mi ni ìyá kan tí mo máa ń ra ṣòkòtò lọ́wọ́ rẹ̀ pè mí.

“Tíṣà, ẹ kú àtijọ́. Ẹ wá bá mi wo nǹkan kan, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé.”

Ó fa jákẹ́ẹ̀tì kan yọ lábẹ́ tábìlì. Awọ àgùntàn ni. Ìta rẹ̀ pọ́n bí obì, irun àgùntàn kún inú rẹ̀ bámúbámú, ó sì wúwo bí ọmọ ọwọ́. Kọ́là rẹ̀ ga dé etí. Síìpù wà níwájú, síìpù sì tún wà ní apá méjèèjì láti ọrùn ọwọ́ sókè. Ọlọ́kadà kan ti fi ₦8,000 lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó sì ti sọ pé òun yóò san ₦45,000.

Àyà mi já. Èmi tí mo fẹ́ràn ìtàn ogun, mo ti kà nípa irú aṣọ yìí. Ní ayé ogun Hitler, láti 1939 sí 1945, òtútù inú ọ̀pọ̀ bàálù ogun kò ṣe é fẹnu sọ. Bí wọ́n bá gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 20,000, òtútù ibẹ̀ ju èyí tí ń sọ omi di yìnyín nínú fìríìjì wa lọ. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Leslie Irvin, tí ó fi páráṣúùtù bẹ́ láti inú bàálù ní 1919, ni ó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Letchworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán jákẹ́ẹ̀tì náà ní nǹkan bí 1931 sí 1932. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn, B-3 ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Peter Thomas, ọmọ Èkó, di ọ́físà nínú ẹgbẹ́ ológun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní 1942. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí ó ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ìjàm̀bá bàálù ni ó pa á ní 1945, ogun kò tíì parí. Akin Shenbanjo náà bá wọn fò lọ ju bọ́ǹbù, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ DFC.

Àwọn tí ń kó ohun ogun jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń san ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn fún ojúlówó rẹ̀. Èyí tí a bá mọ orúkọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lè kọjá £1,000. Gbogbo èyí ni mo rò papọ̀ lójú kan náà tí mo fi la ẹnu mi: “Ìyá, ẹ má tà á ní ₦45,000 o. Owó ilé-ìwé ọmọ yín wà nínú rẹ̀.” N kò tilẹ̀ ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀ wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá fóònù mi. Ará Èkó ti padà wá, ó ti fi owó kún un dé ₦60,000, ìyá sì kọ̀, nítorí tíṣà ní kí òun má tà á. Ọkùnrin náà ti bínú lọ. Owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti tó san. Ó ní ọkùnrin àgbàlagbà kan wà ní Ìdíròkò tí ń to aṣọ inú bélì, tí yóò mọ ẹni tí ó lè rà á. Mo ní ma bá a lọ.

A kọjá Òwódé, a kọjá Ìhunbọ. Mo fi ìka ka iye ibi tí wọ́n ti dá mọ́tò wa dúró títí ìka fi tán. Ìdíròkò kò jọ òpin ilẹ̀ kan rárá. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níhìn-ín, Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìgólò lọ́hùn-ún. Náírà àti sẹ́fà jọ ń sùn nínú àpò kan náà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n jókòó pín ilẹ̀ náà ní 1889. Nígbà tí ìjọba ti ẹnu-bodè ní oṣù Kẹjọ 2019, tí a kò sì ṣí ti Ìdíròkò títí di oṣù Kẹrin 2022, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ níbẹ̀ kú. Òfin Nàìjíríà kò gba kí a kó àlòkù aṣọ wọlé, nítorí náà nígbà tí mo bèèrè bí bélì ṣe ń ti Kútọnu dé ibẹ̀, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run. Mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Bàbá atòṣọ náà kò mọ̀wé. Ó gbóòórùn jákẹ́ẹ̀tì náà, ó ká a ní ìgúnpá, ó sì fi àtàǹpàkò ra síìpù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tíṣà, ẹ ka èyí fún mi.”

Mo kà á. YKK ni. Ilé-iṣẹ́ Japan! Ta ni yóò ra síìpù lọ́wọ́ Japan láti fi rán aṣọ ológun Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn méjèèjì ń pa ara wọn ní Bọ́mà? Mo ní bóyá wọ́n pààrọ̀ síìpù ni. Bàbá fi òwú hàn mí: òwú tí wọ́n fi rán síìpù náà ni wọ́n fi rán gbogbo ara aṣọ. Ó wá yí inú àpò jáde. Lébẹ̀lì funfun kékeré kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ya ọpọ́n ìfọṣọ sí, tí wọ́n sì fagi lé e. Lẹ́yìn ogun ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dé ara aṣọ. Lébẹ̀lì ti ojúlówó, ọrùn ni ó máa ń wà, pẹ̀lú àmì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, síìpù rẹ̀ a sì jẹ́ irin. Èmi ti rò pé kí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì jẹ́ odindi awọ kan ni ẹ̀rí pàtàkì, bẹ́ẹ̀ awọ wọ́n wọn nígbà ogun tí wọ́n fi ń so awẹ́ kéékèèké pọ̀.

Bàbá ní òun rí ọ̀kan rí, ó ti pẹ́, tí awọ rẹ̀ gbẹ bí ìwé àtijọ́. Bí òun ti fà á ni ó ya, òun sì jù ú sí ààtàn. N kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá fi kóòtù ogun Bọ́mà sílẹ̀ fún, kí ó má sá a sí oòrùn gangan, kí ó má fi àdín pa á, kí ó má sì dì í sínú ọ̀rá, nítorí èébu yóò jẹ ẹ́. Kí ó fi há orí igi ìfaṣọkọ́ tí ó fẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó wọ̀ ọ́ àti ibi tí ó ti jagun sínú àpò rẹ̀.

Ìyá kò wí nǹkan kan títí a fi padà dé Òwódé. Níbẹ̀ ni ó ti sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Tíṣà, ₦60,000 ni ọkùnrin yẹn fẹ́ san.” Kò bú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Èmi ni mo rà á. Mo san ₦20,000 lọ́jọ́ náà, mo sì yá ₦20,000 kún un kí ọjọ́ WAEC tó kọjá. Ìyàwó mi kò tíì mọ iye rẹ̀, àyàfi tí ó bá ka ìwé ìròyìn yìí. Nígbà tí mo kọ́ àwọn ọmọ nípa ogun náà, mo gbé e lọ sí kíláàsì, olúkúlùkù wọn sì wọ̀ ọ́ nínú ooru Ayétòrò, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń na apá bí ìyẹ́ bàálù. Mo sọ fún wọn pé ayédèrú ni, mo sì fi YKK hàn wọ́n. ₦20,000 ni mo ṣì jẹ ìyá.