74 ni àwa rí, 21 ni ọmọ náà rí

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ojú tiwa nìkan ni a fi ń dá ẹjọ́ nínú kíláàsì.

Ìtàn àti ìmọ̀ ilẹ̀ ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ọdún kan, a ní kí wọ́n ya àsíá ilẹ̀ Benin: àwọ̀ ewé lápá òsì, òféèfèé lókè, pupa nísàlẹ̀. Ọmọkùnrin kan, tí kì í ṣe ọ̀lẹ, fi kíréyọ́ǹ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ kun apá tí ó yẹ kí ó jẹ́ àwọ̀ ewé. A ní kí ó tún un ṣe. Ohun kan náà ni ó tún ṣe. A ka èyí sí àfojúdi. A fún un ní òdo, a sì ní kí ó kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọ kò ju pé bí òun ṣe rí i nìyẹn.

Kò pẹ́ tí oníṣègùn ojú kan wá yẹ ojú àwọn ọmọ wò. Ó ṣí ìwé kan tí ojú ewé rẹ̀ kún fún àmì róbótó-róbótó olóríṣiríṣi àwọ̀. Àwa tí a dúró lẹ́yìn rí 74 kedere. Ọmọ náà kà á ní 21, láìṣiyèméjì. Oníṣègùn náà ní irọ́ kọ́ ni ọmọ náà ń pa: ojú tí kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, 21 ni ó máa ń rí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, bí ìyá fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ń rí àwọ̀ dáadáa.

Shinobu Ishihara ni ó ṣe ìwé náà. Tokyo ni wọ́n bí i sí ní 1879. Ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 1905, ó di oníṣègùn ọmọ ogun, ó sì yan ìṣègùn ojú láàyò. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Jámánì, kí ogun 1914 tó dá a padà sílé. Àwọn ológun Japan ń fẹ́ ọ̀nà tí wọn yóò fi mọ ọmọ ogun tí kì í rí ìyàtọ̀ àwọ̀. Ishihara fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun àwọn àwòrán àkọ́kọ́, lẹ́tà èdè Japan ni ó fi pamọ́ sínú wọn. Oníṣègùn kan tí ojú tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ni ó bá a dán wọn wò. Ní 1917, ó tẹ ìwé náà jáde pẹ̀lú nọ́ńbà, kí gbogbo ayé lè lò ó.

Ohun tí ó wú wa lórí jù ni pé ìwé náà kì í béèrè orúkọ àwọ̀. Nínú èdè wa, epo pupa, ilẹ̀ pupa, èèyàn sì pupa. Orúkọ lè bo ojú mọ́lẹ̀. Ohun tí Ishihara béèrè ni pé: kí ni o rí? Kódà ó ya ojú ọ̀nà wíwọ́ fún ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó máa tọ̀ ọ́ lọ.

Ní 1922, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ní Tokyo. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì ní 1940, ó lọ sí ìgbèríko Izu, ó ń tọ́jú ojú àwọn ará abúlé. Ó kú ní 1963.

Àwa bẹ ọmọ náà níwájú kíláàsì kan náà tí ó ti kúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a kì í fi ẹfun ìkọ̀wé pupa àti ti àwọ̀ ewé nìkan ṣe ìyàtọ̀ lójú pátákó mọ́. A máa ń kọ orúkọ sí i. Bí ọmọ bá sì dáhùn lódì, kí a tó fún un ní òdo, a máa ń kọ́kọ́ bi í pé: kí ni o rí?