Okùn tí Mo Lọ́ sí Òsì

Ẹni tó bá ra ìwé ẹgbẹ́ wa ti sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, kó jọ̀ọ́ wo iwájú rẹ̀ dáadáa kó tó ka ọ̀rọ̀ mi yìí dé ìsàlẹ̀. Èmi ni mo ya àwòrán tó wà níbẹ̀. Èmi náà ni mo sì bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí, nítorí wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

"Ìran" ni àkòrí tí ẹgbẹ́ mú fún ìwé náà. Ewì tèmi tí wọ́n gbà dá lórí bàbá bàbá mi, ẹni tó fi igbà gun ọ̀pẹ títí tí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Mo fi okùn igbà yẹn wé ohun tó so èmi àti òun pọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n ya àwòrán iwájú ìwé, ọkàn mi lọ sí okùn kan tí gbogbo wa ti rí rí, ìyẹn DNA, àkàbà tí wọ́n lọ́ bí okùn, tó wà lára pósítà, lára ìwé ìròyìn, lára páálí oògùn. Mo ní, "Èyí gan-an ni. Igbà bàbá bàbá mi rèé, inú ara mi ló wà."

Kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ oògùn kan wà lára ògiri yàrá wa tí wọ́n ya DNA sí. Mo yọ ọ́, mo gbé e lé gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, mo sì fẹ́ fi báírò tẹ̀lé ìlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá òsì ni okùn náà fẹ̀gbẹ́ sí, ọ̀tún sì ni àkọlé ìwé wa máa wà. Ó dà bí ẹni tó ń kọ̀yìn sí àlejò. Kí ni mo ṣe? Mo yí kàlẹ́ńdà náà padà, mo ya á láti ẹ̀yìn. Ó wá fẹ̀gbẹ́ síbi àkọlé, ó rẹwà lójú mi. A ṣe fọ́tòkọ́pì 200. Mo tiẹ̀ fi ìkan ránṣẹ́ sílé.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, ọmọ Báyókẹ́mísírì ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì fi ń pè é ní Báyókẹ́m. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kó 40 fún òun kí òun lọ bá wa tà á ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn, torí àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì kì í sábà ra ìwé wa. Kò ráyè wò ó dáadáa, ó gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó kó 38 padà wá. Ó jù wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì mi, kò kí mi.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Ta ló ní kó o lọ́ ọ sí òsì?"

Àṣé olùkọ́ wọn kan ti gba ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè níwájú kíláàsì, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó nawọ́ ló gbà á. Ni wọ́n bá ń fi Báyókẹ́m ṣẹ̀sín, wọ́n ní ṣé inú yàrá kan náà lòun àti ayàwòrán yìí jọ ń sùn, òun ò sì lè la ojú rẹ̀. Àwọn méjì tó rà á, ẹ̀rín ni wọ́n fi rà á.

Ká ní mo bẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dákẹ́. Mo ní, "Àwòrán lásán ni jàre! Akéwì ni mí, mi ò kọ Báyókẹ́mísírì. Ta ló ń wo ibi tí okùn ń lọ́ sí? Ẹni tó bá rí i mọ̀ pé DNA ni." Kò fèsì. Odindi ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń se ẹ̀wà tirẹ̀ nìkan, tó ń jẹ ẹ́ nìkan, tó sì ń pè mí ní orúkọ tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ mi dípò "Akéwì" tó máa ń pè mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn yanjú ọ̀rọ̀ nínú yàrá tí ò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo lọ sí láíbìrì láti wá ohun tí mo máa fi bò ó mọ́lẹ̀. Mo rí i! Mo kà á nínú ìwé kan pé DNA tó lọ́ sí òsì wà, Z-DNA ni wọ́n ń pè é, pé àwọn Alexander Rich ní Amẹ́ríkà ló fi ìrísí rẹ̀ hàn ní 1979. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé yàrá. Mo ní, "Báyókẹ́m, ìyẹn ni mo yà!"

Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ Ajé yẹn nìyẹn. Ó ní, "Irọ́ ni. Ara Z-DNA kì í yí geere, ńṣe ló ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ, ìdí tí wọ́n fi fún un ní Z nìyẹn. Ó tún tín-ín-rín ju èyí tó pọ̀ lára wa lọ. Èyí tó o yà, B-DNA tí a wò nínú díńgí ni. Kò sí irú ẹ̀ lára ẹnikẹ́ni."

Ó wá tú bóòtù kan lára bọ́ńkì wa. Ó ní kí n gbé e dúró gbọọrọ, kí n wo ìlà ara rẹ̀ tó kọjú sí mi. Níbo ló ń gùn lọ? Mo wò ó: láti ìsàlẹ̀ lápá òsì, ó ń gùn lọ sókè lápá ọ̀tún. Ó ní kí n dorí rẹ̀ kodò. Bákan náà ló rí, kò yí padà. Lẹ́yìn náà ló gbé e síwájú díńgí tí mo fi ń gẹ irùngbọ̀n. Nínú díńgí, ìlà náà ń ti apá ọ̀tún gùn lọ sápá òsì. "Ohun tó o ṣe nìyẹn," ó ní, "nígbà tó o yí kàlẹ́ńdà padà. Ṣúgà tó wà lára okùn yẹn, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni, bí ìgbà tí gbogbo bàtà inú ilé jẹ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bó o bá fẹ́ lọ́ irú tìrẹ, àfi kó o sọ gbogbo wọn di bàtà òsì. Àwọn ohun tó sì ń ka DNA nínú ara wa ò ní lè wọ̀ ọ́."

Ó ní èmi nìkan kọ́ ni mo jẹ̀bi. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ìwé sáyẹ́ǹsì pàápàá ti tẹ òsì jáde, débi pé onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Tom Schneider, ń kó àpẹẹrẹ wọn jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú ohun tí mo ṣe gan-an, kí ayàwòrán yí àwòrán padà kó lè bá ojú ewé mu, wà lára ohun tó ń fà á.

Inú mi ò dùn, mo ní, "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa yà á fúnra yín nígbà náà." Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ yà á?" Ó sọ fún mi pé nígbà tí Watson àti Crick tẹ ọ̀rọ̀ DNA jáde nínú ìwé Nature ní oṣù kẹrin ọdún 1953, Odile Crick, ìyàwó Crick, ló ya okùn náà. Ayàwòrán ni obìnrin yìí, kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì. Ọ̀tún ló lọ́ ọ sí, geere. Ọ̀rọ̀ yìí ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lára. Ayàwòrán bíi tèmi béèrè kó tó yà á. Èmi ń gbé yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n, mi ò béèrè.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣí sílẹ̀ báyìí, ó ka ẹ̀sùn yòókù sílẹ̀. Átọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yà bí ẹni pé pílánẹ́ẹ̀tì ló ń yí oòrùn ká: ọdún 1913 ni Niels Bohr gbé irú rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ti fi ìṣirò mìíràn rọ́pò rẹ̀ láti 1926, ṣùgbọ́n òun ló ṣì wà lára pósítà. Ó ní bí ọkùnrin inú átọ́ọ̀mù, ìyẹn àárín gbùngbùn rẹ̀, bá tó hóró ẹ̀wà kan, gbogbo átọ́ọ̀mù náà máa fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà kan. Bébà wo ló máa gbà á? Ó tún dá mi lẹ́bi lórí ewì mi kan tí ìràwọ̀ jókòó sáàárín ìwo méjèèjì òṣùpá. Ó ní, "Apá tí o ò rí lára òṣùpá wà níbẹ̀ o, òkùnkùn ló bò ó. Ìràwọ̀ tó bá hàn níbẹ̀, àfi kó wà níwájú òṣùpá." Èyí tiẹ̀ dùn mọ́ mi nínú, torí ó rán mi létí ohun kan tí mo ti rí láti kékeré tí mi ò sọ: nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òṣùpá tuntun máa ń dúró lórí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a ń rí nírọ̀lẹ́ lójú ọ̀run wa níbí, ẹ̀yìn ló sábà ń fi lélẹ̀ bí àwo igbá. Bó ṣe rí nìyẹn fún ẹni tó bá sún mọ́ àárín ayé. Òṣùpá àwọn ará Yúróòpù la yà, a sì pe tiwa lórí.

Síbẹ̀, agídí mi ò tíì tán. Mo tún sọ ọ́ pé, "Tó bá ti yé èèyàn ohun tó jẹ́, kí ló kù?" Ibẹ̀ ni Báyókẹ́m ti wò mí lójú. Ó ní, "Ta ló pariwo ní kọ́mọ́ọ̀nù rúùmù lọ́jọ́sí?"

Ẹnu mi wọmi. Èmi ni. Fíìmù kan ni a ń wò, babaláwo inú rẹ̀ di pupa sára, ó to orí òkú síwájú, ó wá di ọ̀pẹ̀lẹ̀ mú ní ìdí kan, ó ń fì í bíi tẹ̀súbáà. Mo fò dìde, mo ní, "Wọn ò tiẹ̀ lè béèrè!" Báyókẹ́m ló jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ náà tó ń gbọ́, tí mo ń ṣàlàyé títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́: pé àárín ni a ti ń di ọ̀pẹ̀lẹ̀ mú, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lè wálẹ̀, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Pé ọ̀tún la kọ́kọ́ ń kà. Pé bí Ogbè bá wà lọ́tùn-ún tí Ọ̀yẹ̀kú wà lósì, Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá yí wọn padà, Ọ̀yẹ̀kú-Logbè ló dà, odù mìíràn pátápátá nínú 256, ẹsẹ mìíràn, ẹbọ mìíràn.

Èmi tí mo fi ẹnu ara mi sọ pé ọ̀tún àti òsì ló ya odù kan sọ́tọ̀ sí ìkejì, èmi náà ni mo yí okùn ìran padà torí kó lè kọjú sí àkọlé. Mo jókòó sórí 38 yẹn, mi ò rí nǹkan sọ. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Má bínú." Ó ní, "Kò burú. Ẹ̀wà wà nínú ìkòkò."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa láti ìgbà náà. Báyókẹ́m ò bínú pé DNA tí mo yà ò ní àwọ̀, tàbí pé mo fi igbà wé e. Ó ní kò sẹ́ni tó lè ya gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán. Àwọn tó ń ya tiwọn ní àwọ̀ pupa àti búlúù, kò bá wọn jà. Torí náà, kì í ṣe pé sáyẹ́ǹsì kórìíra àfiwé. Àfiwé máa ń fi nǹkan sílẹ̀, ó sì mọ ohun tó fi sílẹ̀. Àṣìṣe tèmi kò fi nǹkan kan sílẹ̀, òdìkejì ló sọ. Ó dà bí ẹni tó kọ "igbá" síbi tó yẹ kó kọ "igbà": lẹ́tà pé, ṣùgbọ́n gbìyànjú láti fi igbá gun ọ̀pẹ.

Mo tún un yà, láti iwájú kàlẹ́ńdà lọ́tẹ̀ yìí. Báyókẹ́m gbé bóòtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wò ó, ó ní ó ti pé. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Gààrí ni mo mu. Àwa méjèèjì la jókòó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú 167 tó kù lọ́wọ́ wa. Ó kó 38 tirẹ̀ padà lọ sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn, ó sì tà wọ́n tán, torí gbogbo wọn fẹ́ rí bóyá akéwì náà ti gbọ́n.

Ṣùgbọ́n 33 ti jáde lọ kí n tó mọ̀. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ sílé wà nínú wọn. Bàbá mi ti fi íṣó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá bàbá mi, mo sì máa gùn un lọ lọ́jọ́ ìsinmi láti lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ku 32. Ẹ̀yin tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé bóòtù tàbí ṣúkúrúù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ fi wò ó. Tí okùn iwájú bá ń ti ọ̀tún gùn lọ sósì, tèmi ni. Ẹ mú un wá sí yàrá wa, mo ní bébà tuntun, mo ní gọ́ọ̀mù. Bẹ́ ẹ bá sì bá Báyókẹ́m nìkan nílé, ẹ fún un, ó mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́.