Láti Apápá Dé Ojúẹlẹ́gba: Ẹ Wo Bí A Ti De Ẹrù

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwò ilẹ̀ wa ti tó, kí ó lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà èbúté Apápá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Aṣọ òkèèrè, ẹ̀rọ, táyà, oògùn, àní ìwé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní iléèwé, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ó jẹ́ pé ẹnu ìsọ̀ nìkan ni ẹ ti ń pàdé ẹrù yín, ó yẹ kí ẹ bá a rin ìrìn-àjò yìí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lè mọ orí àwọn tí ó ń gbà kọjá.

Tírélà tí ó bá kúrò ní Apápá tí ó ń lọ sí òkè yóò gba Ìjọ́ra. Níbẹ̀ ni a ti ń wo gbọ̀ngàn ńlá tí a kọ́ fún FESTAC 1977, èyí tí a fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Láti ibẹ̀ ó di Costain, ó di Alákà, ó di pápá ìṣeré Sùúrùlérè tí a ṣí ní 1972. Kò pẹ́ sí i, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí gòkè: a ti dé afárá Ojúẹlẹ́gba.

Orúkọ ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ojúbọ Ẹlẹ́gba, èyíinì ni Èṣù, ni ó fún un ní orúkọ, oríta ni títí di òní. Èrò Yábàá, èrò Sùúrùlérè, èrò Múṣin, gbogbo wọn ni ó ń pàdé síbẹ̀. Lábẹ́ afárá ni dánfó ti ń pe èrò, tí àwọn ìyá ń tajà, tí ọmọ iléèwé ń sọdá.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, 2015, kọ̀ńténà kan já bọ́ láti orí afárá yìí lé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan lórí nísàlẹ̀. Ènìyàn 3 kú. Kò tí ì pé ọdún 8 tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kìn-ín-ní, 2023, kọ̀ńténà mìíràn wó lu bọ́ọ̀sì èrò. Ènìyàn 9 kú, ọmọdé 2 wà nínú wọn. Obìnrin kan ṣoṣo ni a fà yọ láàyè. Àwọn wọ̀nyí kò ní ẹrù nínú tírélà náà. Wọ́n kàn wọkọ̀ ni.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ Ẹlẹ́gba ni. Ẹ jẹ́ kí a má di ẹrù ọwọ́ ènìyàn lé òrìṣà lórí.

ÌWÚWO KÌ Í DE ẸRÙ

Kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20, bí ó bá ṣófo, ó ju tọ́ọ̀nù 2 lọ. Bí ó bá kún, ó lè tó tọ́ọ̀nù 30. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ó wúwo tó báyìí kò lè kúrò lójú kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ni bíréèkì mú, kò mú ẹrù. Bí ọkọ̀ bá yà sí kọ́nà, ẹrù fẹ́ máa lọ tààrà. Irin lórí irin sì ń yọ̀, pàápàá bí òjò bá rọ̀. Ẹni tí ó ru igbá a máa na ọwọ́ dì í mú bí ó bá fẹ́ yà. Tírélà kò ní ọwọ́, ohun tí a fi de ẹrù ni ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni òfin Amẹ́ríkà fi ní kí ìdè ẹrù lè dá ìdá 8 nínú 10 ìwọ̀n ẹrù náà dúró bí ó bá fẹ́ yọ síwájú, àti ìdajì rẹ̀ bí ó bá fẹ́ yọ sẹ́yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́.

KỌ́KỌ́RỌ́ IGUN MẸ́RIN

Ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń fi ọkọ̀ ẹrù ṣòwò, Malcom McLean, ni ó kó kọ̀ńténà 58 sínú ọkọ̀ ojú omi Ideal X ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, 1956, láti Newark lọ sí Houston. Ẹnjiníà rẹ̀, Keith Tantlinger, ni ó ṣe irin tí a fi ń ti igun kọ̀ńténà pa. Irin náà yọ sókè lára tírélà, ó wọ ihò igun ìsàlẹ̀ kọ̀ńténà. A ó yí i bí kọ́kọ́rọ́, orí rẹ̀ á dábùú, kọ̀ńténà kò sì ní lè gbéra mọ́. Igun 4, kọ́kọ́rọ́ 4.

Bí tírélà bá jẹ́ èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ yìí, ṣéènì ni kí a fi so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ mọ́ ọkọ̀, tàbí kí a fà á láti igun òkè kí àwọn ṣéènì náà dá ara wọn kọjá. Okùn kan tí a jù gba orí rẹ̀ kò lè dá a dúró.

ṢÉÈNÌ ÀTI OHUN TÍ A FI Ń FÀ Á

Ní ti katapílà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ṣéènì ni ọba ìdè. Ṣéènì ẹrù tòótọ́ ní nọ́ńbà lára. Èyí tí ó jẹ́ 70, tí irin rẹ̀ nípọn tó ìdá 3 nínú 8 íǹṣì, lè mú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, ta ni ó mọ agbára rẹ̀? Ẹ̀rọ tí ó bá tó tọ́ọ̀nù 5, ṣéènì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 4: méjì fà á síwájú, méjì fà á sẹ́yìn. Apá tí ó fi ń walẹ̀, kí a sọ ọ́ kalẹ̀, kí a sì dè é pẹ̀lú.

Ohun èlò méjì ni a fi ń fa ṣéènì le. Èkínní ni irin ọlọ́wọ́ gígùn tí a ń tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó yá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ta padà, ó lè fọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni. Àwọn tí ó ń ti páìpù bọ̀ ọ́ kí ó lè gùn sí i ń fi owó ra ewu. Èkejì ni èyí tí a ń yí díẹ̀díẹ̀ bí jáàkì. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù. Èyí ó wù kí a lò, ṣéènì a máa dẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti mì lójú ọ̀nà. Òfin Amẹ́ríkà ní kí awakọ̀ dúró yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó rin máìlì 50. Ẹni tí ó ti Apápá ń lọ sí Ìbàdàn, kí ó ti ṣe é kí ó tó kọjá Ṣágámù.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí dé sí, nítorí owó yín ni ó ń gbé tírélà. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ rán ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé lọ wo nǹkan mẹ́ta: ṣé kọ́kọ́rọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí, ṣé a ti yí wọn, ṣé ṣéènì kò ya, kò sì ta kókó? Bí awakọ̀ bá ní kò sí ewu, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbé àpótí ṣọ́ọ̀kì sórí pátákó kan, ẹ fà á sáré, kí ẹ sì dá a dúró lójijì. Ọmọ tí ó bá rí ibi tí àpótí náà lọ, kò ní dúró sí ẹ̀gbẹ́ tírélà mọ́.