Ìkún omi Lọ́kọ́ja yẹ ní kíláàsì

Kò sí ọmọ girama ní Lọ́kọ́ja tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí:
"Kamẹrúùnù ṣí dáàmù Lagdo, omi sì ya wọlé. Lagdo ló fà á."

Ó bọ́gbọ́n mu létí.
Àmọ́ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé òmíràn kò sọ pé ti àkọ́kọ́ ló fà á.

Orí odò Bẹ́núè ni Lagdo wà.
Odò Ọya ń gba ọ̀nà tirẹ̀ bọ̀, òun àti omi dáàmù Kainji, Jebba àti Shiroro, kí odò méjèèjì tó pàdé ní Lọ́kọ́ja.
Òjò ńkọ́?

Lọ́dún 2022, tí omi bo ọ̀nà Abuja ní Koton Karfe, mínísítà ọ̀rọ̀ omi ní òjò tó rọ̀ ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ti Lagdo.

Ibí gan-an lẹ̀kọ́ ti dùn.
Ọmọ kan á ní: "Ìjọba ni, irọ́ ló ń pa."
Ipò ẹni kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dirọ́, kò sì sọ ọ́ dòótọ́.
Ẹ̀rí dà? Ta ló wọn omi náà, níbo?
Dáàmù Dasin Hausa tí ìjọba Nàìjíríà ní òun máa kọ́ ní Adamawa láti gba omi Lagdo dúró, kí ló dé tí kò parí?

Tí kíláàsì bá sì fi ọ̀rọ̀ yìí jiyàn, ẹ rántí pé ìdíje àríyànjiyàn máa ń fún ohùn tó já gaara ní máàkì.
Ọmọ tó lè sọ pé "ibí yìí, òótọ́ ni alátakò mi sọ" ló yẹ kó gbà á jù.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò wo ló tún yẹ kí kíláàsì tú wò báyìí?