Nígbà tí Hítà Ọkọ̀ Wa Kọ̀ tí Kò Gbóná

A mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lè máa béèrè pé, kí ni ènìyàn fẹ́ fi hítà ṣe nínú ọkọ̀, nígbà tí oòrùn ń pa wá tó báyìí? Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kò ní ọmọ tàbí àbúrò nílùú òyìnbó? Nítorí tiwọn ni a ṣe kọ èyí, àti nítorí pé ohun tí ojú wa rí kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni, Manchester ni a sì ń gbé. Láti ọdún 1910, kò sí oṣù Kejìlá tí ó tutù tó ìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Britain. Ọkọ̀ àlòkù kan ni a ń lò. Omi rédíétọ̀ rẹ̀ ti ń dín díẹ̀díẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan, àwa náà sì ń bu omi ẹ̀rọ sí i, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe nílé. Ta ni kò mọ kẹ́ẹ̀gì omi nínú bùútù ọkọ̀ ní Nàìjíríà? Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n àwa kò bi ẹnikẹ́ni.

Ìyá àwọn ọmọ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní ọjọ́ Ajé. Ó ní, "Dádì, afẹ́fẹ́ tútù ni ọkọ̀ yìí ń fẹ́ o." A ní kí ó ní sùúrù, yóò gbóná tó bá yá. Ní Ọjọ́rú ó tún sọ ọ́, èsì kan náà ni a tún fún un.

Ní ọjọ́ Ẹtì a lọ kí àwọn ará kan ní Leeds, àwa àti ọmọ wa tí kò tíì pé oṣù méjì. Alẹ́ ni a ń padà bọ̀ ní ọ̀nà M62, èyí tí ó gba orí òkè Pennine kọjá, tí ó sì ga jù lọ nínú àwọn ọ̀nà motorway ilẹ̀ England. Bí a ti ń gun òkè ni òtútù ń tú jáde lára hítà. Èémí wa bo gíláàsì iwájú, a kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà mọ́. Aṣọ ìnuwọ́ ọmọ ni ìyá rẹ̀ fi ń nù ún. A ń gbọ́ ohun kan tí ń dún kùlùkùlù lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, bí ẹni ń da omi láti inú akèrègbè. Lẹ́yìn èyí ni aago ooru ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Ìyá àwọn ọmọ kò pariwo. Ó kàn ní, "Dádì, ọwọ́ ọmọ ti tutù." Ọ̀rọ̀ náà gún wa ju òtútù lọ.

A yà kúrò lọ́nà, a dúró ní ilé epo kan, a sì gbé ọmọ wọ inú ṣọ́ọ̀bù wọn. Arákùnrin kan nínú ìjọ wa, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì, ni ó wá gbé wa, tí ó sì fa ọkọ̀ náà lọ. Ó béèrè pé, "Pásítọ̀, ẹ má bínú sà, omi wo ni ẹ ń bù sí i?" A sọ fún un. Ó mi orí.

Ó ṣàlàyé pé hítà ọkọ̀ kò ní iná tirẹ̀. Omi gbígbóná tí ó ti inú ẹ́ńjìnnì wá ni ó ń gba inú rédíétọ̀ kékeré kan kọjá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, fáànù a sì fẹ́ ooru rẹ̀ sí wa lára. Bí omi bá dín, afẹ́fẹ́ ni yóò gba ipò rẹ̀. Nígbà púpọ̀ hítà ni yóò kọ́kọ́ ké, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ tó gbóná jù.

Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ó rí i pé kílíìpù họ́ọ̀sì kan ti tú, ibẹ̀ ni omi ń gbà lọ. Ó ní ìwọ̀nba antifreeze àtijọ́ tí ó ṣẹ́ kù ni kò jẹ́ kí omi náà dì. Omi lásán a máa dì ní òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, a sì máa wú bí ìdá 9 nínú 100, èyí tí ó lè la ẹ́ńjìnnì. Ó pààrọ̀ kílíìpù, ó da omi náà nù, ó sì po antifreeze àti omi ní ìlàjì-ìlàjì. Èyí kì í dì títí òtútù fi lọ sí nǹkan bí 35 nísàlẹ̀ òdo. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó yí hítà sí ibi gbígbóná, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, ó sì ń bu omi kún un.

Síbẹ̀ ooru náà kò tó nǹkan. Ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì méjèèjì tí ó lọ sí hítà: ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Ó ní, "Ó ti dí." Omi lásán tí a ń bù ti mú kí inú rẹ̀ dípẹtà. Ó fi omi fọ̀ ọ́, omi pupa bí ẹrọ̀fọ̀ sì ń tú jáde. Nígbà tí ó dá họ́ọ̀sì padà, ooru dé.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín lẹ́yìn odi. Bí afẹ́fẹ́ kò bá jáde rárá, kí wọ́n wo fíùsì àti fáànù. Bí afẹ́fẹ́ bá jáde tí kò gbóná, kí wọ́n kọ́kọ́ wo omi. Bí omi bá pé, ṣùgbọ́n tí aago ooru kò gòkè lẹ́yìn ìrìn gígùn, ó ṣeé ṣe kí thermostat ti há ní ṣíṣí. Àwọn mẹkáníìkì kan nílé a máa yọ ọ́ sọnù nítorí ooru. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ nílùú òtútù. Bí họ́ọ̀sì méjèèjì bá gbóná tí afẹ́fẹ́ ṣì tutù, kí wọ́n wo ìlẹ̀kùn kékeré tí ń darí afẹ́fẹ́ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí òórùn dídùn bá ń jáde tí kápẹ́ẹ̀tì sì tutù, rédíétọ̀ hítà ni ó ń jò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná. Antifreeze dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n májèlé ni. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé. Kí wọ́n má sì tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí a tì, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gba àwọn tọkọtaya níyànjú pé kí wọ́n máa gbọ́ ti ara wọn. Ní orí òkè Pennine ni a ti mọ̀ pé àwa gan-an kò gbọ́. Ọmọ náà ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Bí ìyá rẹ̀ bá sì ti ní òun ń gbọ́ ohùn kan nínú ọkọ̀, a óò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a óò pa ẹ́ńjìnnì, a óò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó.